Bí ẹ ṣe máa yan mọ́dábọ́ọ̀dù tó bá iṣẹ́ yín mu

Kí ẹ tó wo àwòrán mọ́dábọ́ọ̀dù kankan, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́, ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tó máa wà lára kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀: prósẹ́sọ̀ tó wà lọ́kàn yín (òun ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà), RAM (ibi tó ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), iye SSD (ibi tó ń kó fáìlì pa mọ́ sí), káàdì gíráfíìsì (tó ń ya àwòrán sójú mọ́nítọ̀) bí ẹ bá máa lò ó, mọ́nítọ̀ mélòó, kíbọ́ọ̀dù, máùsì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbohùngbohùn, kámẹ́rà, àti bóyá wáyà ni ẹ máa fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì tàbí Wi-Fi. Iṣẹ́ ká máa to kọ̀ǹpútà fáwọn èèyàn ni mo ń ṣe, bébà yìí sì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, iná aláràbarà tó ń tàn yòò lára bọ́ọ̀dù ló máa bá a yan ọjà.

Bọ́ọ̀dù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kọ̀ǹpútà yára. Ẹ fi prósẹ́sọ̀ kan náà, RAM kan náà àti káàdì gíráfíìsì kan náà sára bọ́ọ̀dù tí kò wọ́n, kí ẹ tún kó wọn sára èyí tó wọ́n gógó: bí ẹ bá gbá géèmù lórí méjèèjì, agbára káká ni ẹ fi máa mọ ìyàtọ̀, bí èyí tí kò wọ́n bá ṣáà ti lè fún prósẹ́sọ̀ ní iná tó tó. Ohun tí owó bọ́ọ̀dù ń rà ni ojú: ojú RAM, ojú SSD, ojú USB, ojú fáànù. Ojú tí ẹ máa ki nǹkan bọ̀ ni kí ẹ sanwó fún.

Prósẹ́sọ̀ ló máa sọ ibi tí ẹ máa lọ

Ẹ mọ prósẹ́sọ̀ kí ẹ tó mọ bọ́ọ̀dù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ibi tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí, kò sì sí ọgbọ́n téèyàn lè dá láti fi ti ọ̀kan sínú òmíràn. Bó bá jẹ́ Intel Core ìran kejìlá, kẹtàlá tàbí kẹrìnlá, LGA1700 ni. Core Ultra 200S tó jáde lọ́dún 2024, LGA1851 ni. Ní ti AMD, Ryzen 1000 títí dé 5000 ń jókòó sórí AM4. Láti orí Ryzen 7000 tó jáde lọ́dún 2022, AM5 ni wọ́n ń lò.

Ẹni tó bá fẹ́ máa pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ nìkan lọ́jọ́ iwájú, kó wo ìtàn sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa. AM4 ti wà láti ọdún 2016, síbẹ̀ Ryzen 7 5800X3D tó jáde lọ́dún 2022 ṣì wọ ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù àtijọ́, bí wọ́n bá ti sọ BIOS wọn (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) di tuntun. Intel kì í pẹ́ yí sọ́kẹ́ẹ̀tì padà. Ìran méjì tàbí mẹ́ta, ó parí. AMD sì ti kéde pé òun á ṣì máa ṣe prósẹ́sọ̀ fún AM5 dé 2027, ó kéré tán. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin kì í pààrọ̀ nǹkan, tó jẹ́ pé ẹ máa lo kọ̀ǹpútà náà títí tó fi máa dákẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba oorun lójú yín. Ibi tí prósẹ́sọ̀ tó dáa ti bá owó yín mu ni kí ẹ gbà lọ.

Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì bára mu kò tíì tó. BIOS inú bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ dá prósẹ́sọ̀ náà mọ̀. Bọ́ọ̀dù B650 tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ lọ́dún 2022 kò mọ ohun tó ń jẹ́ Ryzen 9000, torí kò tíì sí Ryzen 9000 nígbà náà. Ẹ lọ sí ojú ewé bọ́ọ̀dù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ CPU Support sí (CPU ni prósẹ́sọ̀), kí ẹ wá orúkọ prósẹ́sọ̀ yín níbẹ̀. Wọ́n máa kọ nọ́ńbà BIOS tó kọ́kọ́ gbà á síwájú rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ BIOS tó wà nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀dù tó ní bọ́tìnì BIOS Flashback ni kí ẹ mú, èyí tó ń sọ BIOS di tuntun láìsí prósẹ́sọ̀ lórí bọ́ọ̀dù.

Bọ́tìnì yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo iná ara bọ́ọ̀dù lọ. Ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà, nítòsí ojú USB kan tí wọ́n sàmì sí lára. Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn wa fáìlì BIOS jáde látojú ewé bọ́ọ̀dù náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú zip, kí ẹ sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí èyí tí ìwé tó bá bọ́ọ̀dù wá sọ. Bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, bọ́ọ̀dù kò ní rí i. Ẹ fọ́máàtì fláàṣì kan sí FAT32 (irú ètò ìkófáìlì kan), ẹ fi fáìlì yẹn nìkan sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà 24-pin àti 8-pin tó ń ti ara páwà (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) wá mọ́ bọ́ọ̀dù. Prósẹ́sọ̀ ò tíì sí lórí rẹ̀ o, RAM ò sí, kò séwu. Ẹ tan páwà láti ẹ̀yìn, ẹ ki fláàṣì bọ ojú USB tó lámì yẹn, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta títí iná kékeré kan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, bí iná yẹn bá ṣẹ́jú fún ìgbà díẹ̀ péré tó wá dá ṣíṣẹ́jú dúró, kò rí fáìlì ni. Ẹ tún orúkọ àti fláàṣì náà yẹ̀ wò. Bó bá ń ṣẹ́jú lọ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó kú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Bí iná ilé bá sì lọ láàárín, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé chip mìíràn lára bọ́ọ̀dù ló ń bá yín kọ BIOS náà, kò dúró de BIOS tó bàjẹ́.

Chipset, àti ohun tí orúkọ rẹ̀ kì í sọ

Orúkọ bíi B760 tàbí X670 tí ẹ máa rí lára páálí, chipset nìyẹn. Òun ló ń pín ojú SATA (tí wọ́n ń so dísìkì mọ́), ọ̀pọ̀ ojú USB, àti àwọn ọ̀nà PCIe (tí káàdì àti SSD ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀) tí kò tinú prósẹ́sọ̀ wá. Lọ́dọ̀ Intel, H610 àti H810 ló wà nísàlẹ̀, B760 àti B860 wà láàárín, Z790 àti Z890 wà lókè. Lọ́dọ̀ AMD, A ló wà nísàlẹ̀, B tẹ̀ lé e, X wà lókè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò nílò ju B lọ. Z wúlò fún ẹni tó ra prósẹ́sọ̀ Intel tó ní lẹ́tà K lórúkọ, tó sì fẹ́ fipá mú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ìyẹn overclock. Orí Z nìkan ni Intel ti fàyè gbà á. AMD fàyè gbà á lórí B (yàtọ̀ sí B840) àti X, kò gbà á lórí A. Bí ẹ ò bá mọ overclock, tí kò sì wù yín kí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má sanwó rẹ̀. Nípa ti X, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kékeré kan: chip kan náà tó wà lára B650 ni wọ́n so méjì rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n ń pè ní X670. Ojú tó pọ̀ sí i ni ẹ rà, ẹ ò ra eré. H610 ní tirẹ̀, mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa kí n tó gbé e fún ẹnikẹ́ni: ojú RAM rẹ̀ kì í ju méjì lọ, kì í jẹ́ kí RAM sáré kọjá ìwọ̀n tí Intel fi sí i, ojú M.2 rẹ̀ (tí SSD pẹlẹbẹ ń wọ̀) sì wà ní PCIe 3.0. Fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi tẹ lẹ́tà àti ìṣirò, ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Ohun tí orúkọ chipset kì í sọ fún yín ni bí VRM ṣe lágbára tó. VRM ni àwọn èròjà kéékèèké tó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, tí wọ́n ń gba iná fólítì 12 láti ara páwà, tí wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí nǹkan bíi fólítì kan fún prósẹ́sọ̀. Core i9-14900K lè fa wáàtì 253, Core i5-13400 lè fa 148, Ryzen 5 7600 kì í kọjá 88. Bọ́ọ̀dù B760 méjì lè wà lórí àtẹ, kí ọ̀kan ní irin ńlá tó ń fa ooru kúrò lórí VRM, kí ìhòòhò ni ti èkejì wà. Ẹ gbé i9 sórí èyí tó wà níhòòhò, ẹ ní kó máa ṣe fídíò fún wákàtí kan, VRM á gbóná débi pé bọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré prósẹ́sọ̀ kù fúnra rẹ̀. Ẹ ò kúkú ní gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé ọmọdé lórí. Ẹ má sì ka iye èròjà VRM tí wọ́n kọ sára páálí, bíi 12+1 tàbí 16+1+2, bí ẹni ń ka owó. Ẹ wá ẹni tó ti fi prósẹ́sọ̀ tó lágbára dán bọ́ọ̀dù náà wò tó sì fi ẹ̀rọ wọn bó ṣe gbóná tó. Ẹni tó ń ra i5 tàbí Ryzen 5 lè fo gbogbo èyí. Kó ṣáà ti rí irin lórí VRM, ó parí.

Ìwọ̀n àti RAM

Ìwọ̀n kò le. ATX jẹ́ mìlímítà 305 sí 244, microATX jẹ́ 244 sí 244, Mini-ITX jẹ́ 170 sí 170. Kéèsì yín, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, ló máa sọ èyí tó lè wọlé. Kéèsì ńlá ń gba bọ́ọ̀dù kékeré, kékeré kò lè gba ńlá. Èmi a máa gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn microATX nítorí pé káàdì gíráfíìsì nìkan ni ọ̀pọ̀ ń ki bọ ojú PCIe, àwọn ojú yòókù á wà lófo títí. Mini-ITX máa ń wọ́n ju bó ṣe kéré lọ, ojú PCIe kan ṣoṣo ló sì ní. Ẹni tí àyè há fún gan-an ni mo máa ń ní kó rà á.

RAM ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. DDR4 àti DDR5, oríṣi RAM méjì, jọra débi pé ojú lásán lè tan yín jẹ: irin ẹnu 288 ni àwọn méjèèjì ní. Ibi tí wọ́n gé sí láàárín ẹnu wọn ni kò dọ́gba, òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀kan wọ ojú èkejì. AM4, DDR4 nìkan ni. AM5 àti LGA1851, DDR5 nìkan ni. Orí LGA1700 ni wàhálà wà, torí bọ́ọ̀dù kan lè gba DDR4, kí èkejì tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà gba DDR5. Ẹ wo ìparí orúkọ náà, D4 tàbí DDR4 ló sábà máa ń wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ DDR4.

Bí bọ́ọ̀dù bá ní ojú RAM mẹ́rin, ẹ ra RAM méjì, kí ẹ sì fi wọ́n sí ojú kejì àti ìkẹrin, bí ẹ bá ń kà á láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀. Ẹ má rò pé bí mẹ́rin bá kún, ẹ ti jèrè. AMD fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ryzen 7000 ń gbé DDR5 méjì ní eré 5200, bó bá di mẹ́rin, 3600 péré ni ìdánilójú tí wọ́n lè fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ 64 GB, kó ra 32 méjì, kó má ra 16 mẹ́rin. Ìdí nìyí tí n kì í fi í fojú kéré bọ́ọ̀dù DDR5 olójú méjì. Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn jẹ èrè RAM tí wọ́n rà: RAM tí wọ́n kọ 6000 sí lára á máa sáré ní 4800 tàbí 5200 títí ẹ máa fi wọ inú BIOS lọ tan XMP tàbí EXPO, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára. Bọ́ọ̀dù kì í tàn án fúnra rẹ̀.

Àwọn ojú tó ń jẹ ara wọn

Ojú PCIe tó gùn kì í ṣe x16, ìyẹn ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ní gbogbo ìgbà. Ẹ tóbi àwòrán bọ́ọ̀dù náà lójú ewé wọn, kí ẹ wo inú ojú kejì tó gùn: ẹ máa rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé irin inú rẹ̀ kò dé ìdajì, ìyókù wà lófo. x4 nìyẹn, ọ̀nà mẹ́rin péré. Kò burú fún káàdì tó ń gba fídíò wọlé tàbí káàdì íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni káàdì gíráfíìsì yín máa jókòó sí.

Obìnrin kan tó ń ṣàtúnṣe fídíò gbé bébà tirẹ̀ wá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni káàdì gíráfíìsì kan, káàdì tó ń gba fídíò láti ara kámẹ́rà kan, SSD M.2 mẹ́ta, àti dísìkì SATA ńlá méjì tó ń kó iṣẹ́ tó ti parí pa mọ́ sí. Bọ́ọ̀dù tó wù ú ní ojú gígùn méjì, M.2 mẹ́ta, SATA mẹ́fà. Bí ẹ bá kà á lójú páálí, gbogbo rẹ̀ pé. A wa ìwé bọ́ọ̀dù náà jáde, a lọ sí ojú ewé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa M.2. Lábẹ́ àwòrán rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé bí nǹkan bá wà ní M.2 kejì, SATA karùn-ún àti ìkẹfà á dákẹ́. Ìyẹn kò dùn wá, dísìkì méjì rẹ̀ á wà ní SATA kìíní àti ìkejì. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ ọ́ pé M.2 kẹta àti ojú gígùn kejì ń pín ọ̀nà kan náà lò: bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, èkejì á kú. Ìyẹn ni pé yálà SSD kẹta tàbí káàdì kámẹ́rà.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ń ka irú nǹkan báyìí?”

“Ẹni tó fẹ́ lo ojú tó sanwó fún ni.”

A fi bọ́ọ̀dù yẹn sílẹ̀, a wá òmíràn tó gbé M.2 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìpa ojú kankan. Iná kò sí lára rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì dún tó ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà ní lẹ́tà wínníwínní yìí, ìwé bọ́ọ̀dù nìkan ló ń sọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà lójú ewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ lè kà á kí owó yín tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún wò ó bóyá M.2 náà ń gba NVMe (SSD tó ń gba ọ̀nà PCIe) tàbí SATA tàbí méjèèjì, àti bó ṣe gùn tó. 2280 ló wọ́pọ̀ jù, ìyẹn mìlímítà 22 ní ìbú, 80 ní gígùn. Ní ti eré, SSD SATA kì í ju bíi MB 550 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. NVMe PCIe 3.0 ń dé nǹkan bí 3,500, 4.0 ń dé nǹkan bí 7,000, 5.0 sì lè dé ìlọ́po méjì ìyẹn. Láti SATA sí NVMe, ẹni tó ń gbé fáìlì ńláńlá á mọ̀ ọ́n lára. Láti 3.0 sí 4.0, bó bá jẹ́ Windows àti géèmù lásán, ẹ máa ní láti wo aago kí ẹ tó mọ̀. PCIe 5.0, mo máa ń ní káwọn èèyàn fowó rẹ̀ kún RAM. Káàdì gíráfíìsì náà bẹ́ẹ̀ ni: ti 4.0 máa ṣiṣẹ́ nínú ojú 3.0 láìjanpata, àfi irú Radeon RX 6500 XT tó jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin péré ló ń lò. Ìyẹn máa ń pàdánù lórí bọ́ọ̀dù 3.0.

Ẹ yí i sẹ́yìn

RAM ṣeé fi kún, SSD ṣeé pààrọ̀. Àwọn ojú tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù kò ṣeé yí padà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pẹ́ níbẹ̀ jù. Ẹ mú bébà yín, ẹ ka gbogbo ohun tó ń lo USB. Kíbọ́ọ̀dù, máùsì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbohùngbohùn, kámẹ́rà: márùn-ún ti lọ kí fláàṣì kankan tó dé. Ẹ fi méjì kún un. Bí ojú ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù náà kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo òmíràn. Kò burú kí díẹ̀ nínú wọn jẹ́ USB 2.0, kíbọ́ọ̀dù àti máùsì kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ USB ti dojú rú, ẹ má wo orúkọ, ẹ wo eré. USB 3.2 Gen 1 jẹ́ Gb 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, Gen 2 jẹ́ 10, Gen 2x2 jẹ́ 20. USB4 ń dé 40. Ẹ má gbára lé àwọ̀ inú ojú náà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kun tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí ẹ ò bá ní dísìkì ìta tó ń sáré, Gen 1 ti tó yín.

HDMI àti DisplayPort tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù ń dá wàhálà sílẹ̀ gan-an. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù ló ń ya àwòrán tó ń gba ibẹ̀ jáde, prósẹ́sọ̀ ni. Prósẹ́sọ̀ Intel tí F wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ kò ní gíráfíìsì nínú. Ryzen 5000 tí kò ní G náà kò ní. Ọ̀pọ̀ Ryzen 7000 ní, àmọ́ 7500F kò ní. Ọmọ kan pè mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀dù tuntun yìí ti kú, fáànù ń yí, ojú mọ́nítọ̀ dúdú.” Mo bi í pé prósẹ́sọ̀ wo ni. Ó ní 12400F. Mo ní kó yọ wáyà HDMI kúrò lókè, kó ki í bọ ara káàdì gíráfíìsì nísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa fóònù. Bí prósẹ́sọ̀ yín bá ní F, ẹ má torí HDMI ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù san kọ́bọ̀ kan lé e.

Fún íntánẹ́ẹ̀tì, bí wáyà bá lè dé ibi tí kọ̀ǹpútà wà, wáyà ni kí ẹ lò. 2.5 Gb kò ní ṣe yín láǹfààní kankan bí router yín bá jẹ́ 1 Gb. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo Wi-Fi, ẹ wá bọ́ọ̀dù tó ti ní in, torí ó máa ń bá Bluetooth wá, ó sì ń gba ojú PCIe tàbí USB kan là fún yín. Ọ̀rọ̀ ohùn, n kì í lò ó yan bọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ máa ra ẹ̀rọ ohùn tó ń lo USB lọ́nàkọnà. Ẹni tó kàn ń gbọ́ orin, chip ohùn ALC897 tó wà lára bọ́ọ̀dù tí kò wọ́n ti tó o.

Àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀

Bí iwájú kéèsì yín bá ní ojú USB-C, bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ń so wáyà rẹ̀ mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú yẹn á wà lásán. Ẹ ka ojú fáànù: ti prósẹ́sọ̀ kan, ti kéèsì méjì ó kéré tán, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ oní-píìnì mẹ́rin kí bọ́ọ̀dù lè máa dín eré wọn kù nígbà tí kò bá gbóná. Bí iná bá wù yín, oní-píìnì mẹ́ta jẹ́ fólítì 5, oní-píìnì mẹ́rin jẹ́ fólítì 12. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀kan sí ojú èkejì, fólítì 12 á jó iná fólítì 5 gúrúgúrú.

Ohun tí mo máa ń wò tí àwọn oníbàárà kì í wò ni àwọn iná wínníwínní mẹ́rin tí wọ́n kọ CPU (prósẹ́sọ̀), DRAM (RAM), VGA (káàdì gíráfíìsì) àti BOOT (dísìkì tí Windows wà) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò tàn, èyí tó bá dúró láìkú ló máa sọ ibi tí ẹ máa wò. Bí DRAM bá ń tàn, ẹ yọ RAM, ẹ tún un ki títí ẹ máa fi gbọ́ tó dún kà. Lórí bọ́ọ̀dù tí kò ní iná wọ̀nyí, ẹ ó kàn máa tú nǹkan kọ̀ọ̀kan wò ni. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ààbò kọ̀ǹpútà mọ́; àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ti dárúkọ ń lo èyí tó wà nínú prósẹ́sọ̀ tàbí chipset, inú BIOS ni wọ́n ti ń tàn án. Yàtọ̀ sí Ryzen 1000 àti àwọn Ryzen 2000 tó ní G, gbogbo prósẹ́sọ̀ tí mo dárúkọ ló lè gbé Windows 11.

Bó bá jẹ́ àlòkù

AM4 àlòkù ṣì dáa gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tàn án lójú yín, kó wọ inú BIOS, kí ẹ rí RAM àti SSD níbẹ̀. Bó bá jẹ́ LGA tàbí AM5, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀dù ni àwọn píìnì wà. Ẹ tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án láti òkè. Bí iná bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo píìnì á máa dán lọ́nà kan náà. Èyí tó bá tẹ̀ á dá yàtọ̀ bíi ṣóńṣó dúdú. Ẹ yí bọ́ọ̀dù náà kí ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Píìnì kan tó tẹ̀ lè pa ojú RAM kan, kí gbogbo nǹkan yòókù sì máa ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ ki RAM sí ojú kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà á. Ẹ béèrè irin pẹlẹbẹ tó ń bo ẹ̀yìn kéèsì bí kò bá so mọ́ bọ́ọ̀dù, torí kì í rọrùn láti rí i rà lọ́tọ̀. Bátìrì CR2032 tó ti kú kì í ṣe àléébù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yẹra fún bọ́ọ̀dù tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ tò pọ̀ látilẹ̀, ẹnu wáyà páwà àti ibi tí wọ́n ń fi síkúrù dè é kì í sábà bá kéèsì àti páwà ti gbogboogbò mu.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tò ó, ike pẹlẹbẹ tó bo sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA tàbí AM5 máa ta kúrò fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti irin sọ́kẹ́ẹ̀tì náà pa. Ẹ má dà á nù. Ẹ fi pa mọ́ sínú páálí bọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú rìsíìtì yín, torí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í gba bọ́ọ̀dù padà láti tún un ṣe bí ike yẹn kò bá sí lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì.